Mosúnmọ́lá, Kì í Ṣe Mo Nìkan

Nígbà tí mò ń lọ ṣe Kérésìmesì nílé ní ọdún 2022, mo gba fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi kí n tó kúrò ní Èkó, torí mo mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òmùò-Èkìtì lè má gbé fíìmù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì ọdún, màmá mi jókòó tì mí, a jọ ń wò ó. Kò tíì pẹ́ rárá tí wọ́n fi nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Ṣé kì í ṣe Ọdúnladé nìyí? Ọmọ Ọ̀tun ni o. Ọmọ Èkìtì ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Láti ìgbà náà, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí fíìmù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Èmi gan-an ni mò ń bi wọ́n léèrè. Bí Ẹlẹ́ṣin bá pa òwe kan tí kò yé mi, màá yára wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀. Màmá mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kankan wà nísàlẹ̀.

Ọdún bíi mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà, a jọ wo The Wedding Party nínú pálọ̀ kan náà. Ìgbà yẹn, àwọn ni wọ́n ń bi mí: "Kí ló wí? Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?" Mo túmọ̀ títí ó fi sú mi, mo wá ní kí wọ́n ṣáà máa wo aṣọ. Wọ́n sì wo aṣọ lóòótọ́, torí aṣọ pọ̀ níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ kan náà, EbonyLife, ló lọ́wọ́ nínú fíìmù méjèèjì. Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni Mosúnmọ́lá Abudu, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Mo Abudu. Ohun tó wà láàárín alẹ́ méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ fi wo iṣẹ́ obìnrin yìí. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá ń pè é ní "ó" láti ibí lọ, ẹ má rò pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Bí a ṣe máa ń kọ lámèyítọ́ nìyẹn. Tí mo bá pàdé rẹ̀ lójú kojú, màá dọ̀bálẹ̀.

Ọmọ Oǹdó ni àwọn òbí Mosúnmọ́lá, ṣùgbọ́n Hammersmith, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méje, wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà, sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ àgbà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó tún padà sí Ìlú Ọba. Ẹ ò rí i pé kó tó dàgbà, ó ti di àtọ̀húnrìnwá lẹ́ẹ̀mejì: ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé láàárín àwọn ará ilé, ọmọ adúláwọ̀ láàárín àwọn òyìnbó.

Ó ti sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé nílé ìwé lọ́hùn-ún, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń bi òun ní ìbéèrè ẹ̀gbin nípa bí àwọn èèyàn Áfíríkà ṣe ń gbé àti ohun tí wọ́n ń jẹ. Láti inú ìbéèrè wọ̀nyẹn ni èrò ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn pé ó yẹ kí ẹnì kan sọ ìtàn wa bó ṣe yẹ kí ayé gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni mo rò pé kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ẹni tí wọ́n bá fi ìbéèrè gún lára ní kékeré, ìdáhùn rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀. Ó lè kọ́lé, ó lè lówó, ó lè di ẹni tí àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè ń kí, síbẹ̀ kó ṣì máa dá ọmọ òyìnbó inú kíláàsì yẹn lóhùn.

Tẹlifíṣọ̀n kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ bíbá àwọn iléeṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ ló ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1993, ó padà sí Nàìjíríà, ó sì di ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ epo Esso, tí a wá mọ̀ sí ExxonMobil. Ní ọdún 2000, ó fi iṣẹ́ olówó gidi yẹn sílẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Vic Lawrence and Associates. Ó ti lé lógójì ọdún kó tó jókòó síwájú kámẹ́rà ní 2006 fún ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó pè ní Moments with Mo. Ẹ̀yin tí ẹ pé ọgbọ̀n ọdún, tí ẹ wá ń sunkún pé ayé ti fi yín sílẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre.

Ètò yẹn gbé e dé iwájú àwọn bíi Hillary Clinton àti Christine Lagarde. Ṣùgbọ́n orúkọ ètò náà ni mo fẹ́ kí ẹ wò. "Mo." Lẹ́nu àwa Yorùbá, "mo" kì í dá dúró. Bí ẹnì kan bá la ẹnu tó ní "mo", à ń retí ohun tó kàn: mo dé, mo jẹun, mo sún mọ́ ọlá. Lẹ́nu òyìnbó, "Mo" ti parí síbẹ̀, ó sì rọrùn láti pè. Mi ò bá a jà nítorí ìyẹn o. Gbogbo àwa tí a ti bá àwọn ará òkè òkun ṣiṣẹ́ rí la ti gé orúkọ wa kúrú lọ́nà kan tàbí òmíràn. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó gé orúkọ kúrú ní ẹni tó ń gé e fún.

Gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò, obìnrin yìí gbọ́n. Ẹni tó bá ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n ẹlòmíràn, ayálégbé ni. Onílé lè lé e nígbàkigbà. Àtọ̀húnrìnwá ló sì máa ń tètè mọ ìyẹn, torí kò sí ibi tó dé tí wọn kì í bi í pé ìgbà wo ló ń lọ. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2013, ó ṣí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, EbonyLife TV, lórí DStv. Nígbà náà, ilé ìyàwòrán wọn wà ní Tinapa, ní Calabar. Ní 2015, wọ́n ṣe fíìmù Fifty. Ní 2016, wọ́n dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ mẹ́ta mìíràn láti ṣe The Wedding Party. Nígbà tí 2019 ń parí lọ, EbonyLife Place dé sí Victoria Island, pẹ̀lú sinimá, ilé oúnjẹ àti yàrá àlejò. Ní 2020, ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Netflix. Ẹ wo bó ṣe ń sún: láti orí ètò, ó bọ́ sórí ìkànnì, láti orí ìkànnì, ó bọ́ sí ilé alájà.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì hàn ní oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí Prime Video kéde pé àwọn ò ní náwó sí fíìmù tuntun ní Áfíríkà mọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ fíìmù ló dà bí ẹni tí onílé já ẹrù rẹ̀ síta lóru. Ẹni tó nílé tirẹ̀ ṣì ríbi sùn.

Ó dáa, ilé ti wà. Èdè wo wá ni onílé ń sọ nínú pálọ̀?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Tí a bá ń ṣe áàpù, ẹnì kan máa ń wà lọ́kàn wa tí a gbà pé òun ni yóò lò ó. A kì í kọ orúkọ rẹ̀ síbì kankan, ṣùgbọ́n gbogbo bọ́tìnì ló ń tú àṣírí rẹ̀. Bí áàpù kan bá ń béèrè nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà, o ti mọ̀ pé ẹni tó ṣe é kò ronú kan ìyá tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, létí igi ọ̀dán. Fíìmù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe é fún máa ń hàn.

The Wedding Party, tí Kẹ́mi Adétiba darí, kọ́kọ́ jáde níbi àjọ̀dún fíìmù Toronto ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Nígbà tó dé Nàìjíríà, ó pa ju 400 mílíọ̀nù náírà lọ ní sinimá, fíìmù wa kankan ò sì tíì pa irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbádùn rẹ̀, mi ò ní parọ́. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, tó ṣe Tinúadé Coker, ìyá ìyàwó, ló gbé fíìmù náà lé orí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ìgbà tí Yorùbá máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí inú bá bí i ni. Nígbà tí ayọ̀ bá gbé e lọ ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di pàtàkì, tí ìfẹ́ tàbí ìdáríjì bá délẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe é. Yorùbá di ata. Ata dáa nínú ọbẹ̀, àmọ́ a kì í fi ata nìkan bọ́ ọmọ.

Fíìmù yẹn dá ọmọ òyìnbó inú kíláàsì lóhùn dáadáa: ẹ wo bí a ṣe ń gbé, ẹ wo ilé wa, ẹ wo gèlè wa. Màmá mi ní tiwọn ò béèrè rí bóyá Yorùbá nílé. Ìdí nìyẹn tí fíìmù náà kò fi ní ohun púpọ̀ bá wọn sọ.

Ọdún 2022 ni nǹkan yí padà, kò sì fi ire bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní ọdún yẹn gan-an, Chief Daddy 2 jáde lórí Netflix, àwọn òǹwòran sì bẹnu àtẹ́ lù ú débi tí ọ̀rọ̀ náà fi gba orí Twitter. Gbajúmọ̀ pọ̀ níbẹ̀, aṣọ pọ̀ níbẹ̀, ìtàn ni mi ò rí. Oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ilé iṣẹ́ kan náà gbé Ẹlẹ́ṣin Ọba jáde.

Ìtàn yẹn fúnra rẹ̀, àtọ̀húnrìnwá ni. Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1940: ọba wàjà, Olókùn-Ẹṣin tó yẹ kó bá a lọ kò lọ, torí aṣojú ìjọba òyìnbó dá sí i, ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ kọ́kọ́ fi ṣeré ní Yorùbá, ó pè é ní Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká wá kọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tó wà ní Cambridge, ìwé náà sì jáde ní 1975. Ní 1994, Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ ìwé Ṣóyínká padà sí Yorùbá. Nígbà tí Bíyìí Bándélé fi máa sọ ọ́ di fíìmù, ìtàn náà ti lọ, ó ti bọ̀. Bándélé alára, Kafanchan ni wọ́n bí i sí, Lọ́ńdọ̀nù ló sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 2022, kò dúró de àjọ̀dún Toronto tó wáyé ní oṣù kejì, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn.

Toronto náà ni wọ́n gbé The Wedding Party lọ ní ọdún mẹ́fà ṣáájú. Ìlú kan náà, ilé iṣẹ́ kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Yorùbá ló jókòó sí pálọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nísàlẹ̀ nínú lẹ́tà kéékèèké. Òyìnbó tó bá fẹ́ mọ ohun tí Ẹlẹ́ṣin ń wí, kó kàwé.

Ta ló wá gbé Yorùbá náà? Ọdúnladé Adékọ́lá ni, ẹni tí fọ́tò ẹ̀rín àti ẹkún rẹ̀ kún inú WhatsApp gbogbo wa. Ilé fíìmù Yorùbá, tí àwọn kan máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ló ti kọ́ṣẹ́. Yorùbá ò di èdè fíìmù ní ọjọ́ tí Netflix dé. Àjàní Ògún ti jáde láti 1976. Hubert Ògúnǹdé ṣe Aiyé ní 1979. Túndé Kèlání àti Akínwùmí Ìṣọ̀lá fún wa ní Ṣaworoidẹ ní 1999. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. EbonyLife ní aṣọ: kámẹ́rà tó dáa, iná tó dáa, owó. Ọdúnladé àti àwọn bíi tirẹ̀ ló ní àkísà. Mo rò pé ọgbọ́n tó ga jù tí Mosúnmọ́lá fi hàn láti ìgbà tó ti ń ṣòwò yìí ni pé ó lọ pe alákìísà wá sílé. Àtọ̀húnrìnwá mìíràn, Shaffy Bello, tó ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, ló ṣe Ìyálọ́jà. Nígbà tí àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn, màmá mi fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Fíìmù náà ní àléébù, mi ò sì ní fi bò. Ó ń kánjú. Nínú eré orí ìtàgé, Ẹlẹ́ṣin àti Olóhùn-iyọ̀ máa ń pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìlù á máa lù, ìjó á máa wọra, Ẹlẹ́ṣin á máa rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ìwọ tó ń wò ó á sì gbà pé ó lè dé ọ̀run lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni ìkùnà rẹ̀ tó máa dun èèyàn. Nínú fíìmù, Brymo tó ṣe Olóhùn-iyọ̀ ní ohùn, ṣùgbọ́n wọn ò fún un láyè tó. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú yàrá tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ó máa tó súnkì. Ẹ ti mọ ẹni náà. Ọmọ òyìnbó inú kíláàsì ni. Wọ́n ti ní kó jókòó sẹ́yìn, àmọ́ wọ́n ṣì ń wojú rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Olúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin. Òun ni wọ́n rán lọ sí Ìlú Ọba láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, tó wá padà wálé láti sin bàbá rẹ̀. Jane, ìyàwó òyìnbó, rò pé ẹni tó ti gbé ní Ìlú Ọba kò ní lè fara mọ́ àṣà yìí mọ́. Olúndé ti rí òyìnbó nílé wọn, ìdí tó fi mọ iyì ohun tó wà nílé tirẹ̀ nìyẹn. Ó ń bá Jane sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n kò wá kí Jane yìn ín. Nínú gbogbo èèyàn inú ìtàn yìí, òun ló sún mọ́ ẹni tó ṣe fíìmù náà jù, torí àtọ̀húnrìnwá ni àwọn méjèèjì. Mo ń retí pé ibẹ̀ ni fíìmù yóò ti mí kanlẹ̀. Ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ẹnì kan lè ní kí ló kàn mí, ṣebí owó rẹ̀ ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní ilé tó tóbi bá ti ń sọ̀rọ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣe máa sọ ọ́. Mo mọ àwọn ọmọ ní Òmùò tó ń fi fóònù ya eré kéékèèké. Tí wọ́n bá ń ṣeré lásán, ohùn Òmùò ni wọ́n ń sọ, èyí tí ará Ìbàdàn lè má gbọ́ tán. Tí wọ́n bá ti fẹ́ kí ayé rí i, Gẹ̀ẹ́sì ni, kódà bí Gẹ̀ẹ́sì náà bá ń fọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ta ló kọ́ wọn pé Gẹ̀ẹ́sì ni ayé ń gbọ́? Àwa ni. Fíìmù tó pa owó tó pọ̀ jù ló kọ́ wọn. Ẹlẹ́ṣin Ọba ni ẹ̀rí pé a lè kọ́ wọn ní nǹkan mìíràn, ẹ̀rí kan ṣoṣo ò sì tó.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí fíìmù parí, màmá mi dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n nu ojú, wọ́n wá bi mí: "Òmíràn ńkọ́?"

Mo wá a kiri inú ohun tí mo gbà sílẹ̀. Èyí tí mo rí kò ti EbonyLife wá. Aníkúlápó ni, tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú Ẹlẹ́ṣin Ọba. Ọmọ Adé Love ni Kúnlé, ọmọ ẹni tó ṣe Àjàní Ògún. A wò ó di òru. Ní 2024, Kúnlé tún padà wá pẹ̀lú Aníkúlápó alápá púpọ̀, Yorùbá náà ni. Òun ti dáhùn ìbéèrè màmá mi.

Mosúnmọ́lá ní ilé, ó ní owó, ó sì ti fi hàn lẹ́ẹ̀kan pé òun mọ ọ̀nà. Ìbéèrè àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó ti dá a lóhùn tán, ó ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti bi í. Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ kúrú, ará ilé ló ń bi í, Yorùbá ni wọ́n sì fi bi í: òmíràn ńkọ́?